Kọ́kọ́rọ́ Tó Bá Gàrí Lọ sí Ṣakí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kí bàbá mi kékeré, mo kí àǹtí mi, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ṣakí. Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ rìn? Àlàáfíà la wà ní Ṣàgámù níbí, àfi òjò tí kò jẹ́ ká sá aṣọ, àti ojú tó ń tì mí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló dé tí mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí síta kí gbogbo èèyàn kà á, nígbà tí fóònù wà. Ìta gbangba ni mo ti ba orúkọ ẹnì kan jẹ́, ìyá mi. Mi ò lè wá tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ẹ rántí pé ọ̀gá mi obìnrin, tó ń ta páànù ní Ìjokù, ra mọ́tò tòkunbọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ò ní eyín. Nǹkan dúdú kékeré kan ni, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Tó bá ti wà lápò èèyàn, ilẹ̀kùn á ṣí fún un, á kàn tẹ bọ́tìnì, ẹ́ńjìnnì á dún. Ẹyọ kan péré ló bá mọ́tò wá láti òkè òkun. Ọwọ́ èmi tí mò ń wà á ni ọ̀gá ní kó máa wà, torí bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lèmi àti ìyàwó mi ń gbé.

Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi ló wá kó mi láyà jẹ. Wọ́n ní nǹkan yẹn ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, pé olè lè dúró lẹ́yìn fèrèsé, kó fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀, kó sì wa mọ́tò lọ láìfọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní àfi kí n fi fóìlì wé e, kí n tì í mọ́ agolo onírin, ohùn ẹ̀ ò ní jáde. Ni mo bá rántí agolo bisikíìtì tí ẹ fi kó kúlíkúlí ránṣẹ́ sí wa. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá wé kọ́kọ́rọ́, màá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ agolo, màá gé páálí bò ó. Olè tó bá ṣí i, agolo òfìfo ló máa rí. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo ní àṣírí tó bá ti di ti ẹni méjì ti di ti àdúgbò. Bàbá Rájí tó ń ṣọ́ géètì nìkan ló rí mi lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kúlíkúlí náà la wá ń tì mọ́lé báyìí.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi gbéra wá kí yín, mo ṣì ń sùn nígbà tó jáde. Nígbà tí ọ̀gá múra tán láti lọ síbi ìdúpẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, mo nawọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, agolo ò sí. Mo pe ìyàwó mi, fóònù ẹ̀ ò wọlé. Ta ló wá kù? Níwájú ọ̀gá, níwájú àwọn aládùúgbò tó wá pọn omi nílé wa, mo ní kí Bàbá Rájí lọ gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ní àgbà tó ń yọjú sí fèrèsé onífèrèsé, kí ló ń wá.

Bàbá ò jà. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tí kò ní eyín, kí lòun fẹ́ fi ṣe, pé àgádágodo ni wọ́n ń lò nílé ọmọ òun ní Ìbídò. Ọ̀gá ní kó tú àpò rẹ̀. Ó tú u: fìlà, tẹ̀sùbáà, ọṣẹ. Ó ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n rí i níbi tí mo gbé e sí, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Àdúrà ni. Ó ń dùn mí ju èpè lọ.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ pè mí, tẹ́ ẹ ń dúpẹ́ gàrí. Ẹ ní gàrí Ìpara yẹn kan dáadáa, àmọ́ kí ni nǹkan dúdú inú fóìlì tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agolo, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí kò dún. Ìyá mi, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ìyàwó mi ṣí agolo, òfìfo lòun náà rí. Ó ní òun ò lè gbé òfìfo lọ bá ìyá ọkọ òun, ó bu gàrí kún un. Ibi tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ sí náà ló wà.

Ìyàwó mi ti gbé e padà dé, agolo àti kúlíkúlí tuntun tẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀. Inú ìkòkò onírin ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn báyìí. Ìyàwó mi mọ̀, ọ̀gá mọ̀. Ọ̀gá ní kí bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, kò wá. Mo gbé agolo kúlíkúlí yẹn lọ bá a ní Ìbídò, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó fún mi lómi mu, ó gba agolo. Ó wá ní àwọn tó ń pọn omi lọ́jọ́ náà ńkọ́, ṣé àwọn náà ti gbọ́. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n gbé lẹ́tà yìí síta. Èsì náà rèé: Bàbá Rájí ò jalè. Èmi ni mo fi nǹkan pamọ́ fún olè, tí mo wá fi pe olóòótọ́ lólè.

Ilé yìí ò dùn mọ́. Tí mo bá dé, èmi fúnra mi ni mò ń sọ̀kalẹ̀ sínú òjò láti ṣí géètì. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé báwo lọ̀nà.

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sádùúrà. Níbí náà, wọn kì í dá agolo padà lófìfo. Ojú mi ò kúrò lẹ́nu géètì, bóyá màá rí Bàbá Rájí tó ń gbé agolo wa bọ̀, ì báà jẹ́ iyọ̀ díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Kò tíì dé.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, orúnkún yín á le, ẹ ò ní fi ojú yín rí ìtìjú ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí kan ẹni tó ń ka èyí sí yín létí.

Èmi ni ọmọ yín,
Sùràjù, dírẹ́bà, Ṣàgámù.