Ìrìn Màmá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ajé, 4 Oṣù Agẹmọ

Ọwọ́ ara mi ni mo fi di ẹrù fíìmù yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, láràárọ̀, Màmá á rin ìṣísẹ̀ mẹ́jọ níwájú kámẹ́rà, láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ dé ojú fèrèsé. Kọ̀ǹpútà á wá kó gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn sínú ara kan ṣoṣo, kí èèyàn lè fojú rí bí ọjọ́ ṣe ń gba inú ara kọjá. Lẹ́nu, ó dùn. Màmá, tí wọ́n fi ogójì ọdún gbẹ̀bí, bi mí bóyá fíìmù ti tán láyé ni.

Ọjọ́rú, 6

Màmá wọ bàtà. Mo ní ẹsẹ̀ lásán ni. Wọ́n ní ta ló bí ẹnì kejì? Àárọ̀ ti lọ.

Àbámẹ́ta, 9

Alágídí (kọ̀ǹpútà mi nìyẹn) fi wákàtí mẹ́fà ya ìṣísẹ̀ kan. Ó wá kú fin-ín.

Ọjọ́rú, 13

Àwọn àárọ̀ náà ò bára mu. Ẹsẹ̀ òsì ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo bú Alágídí, mo bú ilẹ̀ pálọ̀, mo bú àwọn bọ́tìnnì funfun tí mo lẹ̀ mọ́ orúnkún Màmá kí kámẹ́rà lè máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ wọn. Mo wá ń fọwọ́ tún ẹsẹ̀ náà ṣe nínú kọ̀ǹpútà, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo ní kí Màmá máa gbé ẹsẹ̀ dáadáa. Wọ́n figbe ta:
"Èmi tí mo kọ́ ẹ ní ìrìn!"

Ẹtì, 15

Ọ̀gá Tètè (ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ nìyẹn) wá wo iṣẹ́. Ó fẹ́ràn èyí tí mo tún ṣe. Ó ń dán, ó ní. Kí n tètè parí ẹ. Tètè, tètè, bí ẹyẹ tó ń ké.

Ajé, 18

Ẹsẹ̀ òsì tún ni. Orí mi fẹ́ fọ́.

Ọjọ́bọ̀, 21

Inú bí mi. Mo yọ gbogbo àtúnṣe mi kúrò, kí n lè fi han ọ̀gá pé Alágídí ti bàjẹ́, kó ra òmíràn. Mo to gbogbo àárọ̀ lé ara wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún – bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ òsì – lójoojúmọ́ ló ń sún mọ́ ilẹ̀ ju ti àná lọ. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ á lọ sókè, á lọ sílẹ̀. Sílẹ̀ nìkan ni èyí ń lọ.

Mo pe Màmá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n jókòó sétí àga, wọn ò wò mí lójú.
"Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo forí gbá ògiri. Mi ò fẹ́ kó o tìtorí mi pa iṣẹ́ tì."

Ẹtì, 22

Ọsibítù. Dókítà wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan Màmá. Wọ́n ya fọ́tò inú orí: ẹ̀jẹ̀ ti ń sun díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí, ó ń tẹ ọpọlọ. Iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án yìí. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ jù báyìí lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń tún un ṣe kó má baà hàn.

Àìkú, 24

Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Màmá lajú. Ọ̀gá Tètè pè: ìgbà wo? Mo ní mo ti pa èyí tó ń dán yẹn rẹ́, bó bá fẹ́ fíìmù, kó gba ẹsẹ̀ náà bó ṣe wà. Ó pòṣé. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Màmá ní kí n fi àwòrán náà han àwọn. Wọ́n wò ó tán. Wọ́n ká aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀ ara wọn. Ẹsẹ̀ òsì gbọ̀n, ó dúró, ó wá gòkè díẹ̀.

"Ya ìyẹn náà," wọ́n ní. "Má sì tún un ṣe o."