Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Ọ̀gá Ṣọ́jà

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní sùúrù,

Mo kí yín níbi tí ẹ sùn sí ní oko yín ní Ekiadolor. Èmi ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu, nítorí ẹ̀yin lẹ sọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé èmi kò ní lọ sílé ìwé. Ẹ rán àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ, ẹ ní kí n dúró ti ìyá mi nídìí gàrí. Mo di ìyẹn sínú fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ekenwan Road bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àwọn àgbà, èmi ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Tíṣà wa, ọmọbìnrin Èkìtì kan tó wà ní yunifásítì, máa ń gbé ìwé mi sókè kí àwọn yòókù lè rí i. Mo máa ń wòkè nígbà náà bí ẹni pé ẹ wà lájà, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ fi dù mí.

Ìròyìn tí mo mú wá kò dára. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí Oyèwọlé, àkọ́bí mi, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mo gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn onífaransé níbi tó ti ń ta aṣọ. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ náà ni ọkọ mi kú sí kí n tó padà wá tọ́jú yín. Bàbá rẹ̀ ṣe ìwé ìbí fún un bí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ń ṣe kí ọmọ wọn lè rí ilé ìwé wọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ṣọ́jà lé ààrẹ wọn kúrò. Ààrẹ àti olórí àwọn mínísítà ló ń pín agbára láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ní ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa dá a gbé báyìí. Wọ́n tú ilé aṣòfin àtijọ́ ká, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn yan òmíràn tí yóò wà fún ìgbà díẹ̀, títí wọn ó fi ṣe òfin tuntun tán tí ìlú yóò dìbò. Wọ́n mú nínú olùkọ́, wọ́n mú nínú àgbẹ̀. Nínú àwọn oníṣòwò, Oyèwọlé ni wọ́n mú.

Bàbá, mo jó. Ní kíláàsì, Bàbá Káfíńtà tó ń jókòó lẹ́yìn mi kò jẹ́ kí n sinmi.

"Ìyá Aṣòfin, ẹ bá wa ṣòfin kí àgbàrá má wọlé wa mọ́ ní Ekenwan!"

"Kọ ABD tìrẹ tán ná," ni mo dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni tíṣà ní kí kálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan kọ sí ọmọ wọn, àwọn kan kọ sí pásítọ̀. Èmi kọ sí ọ̀gá ṣọ́jà tó wà lórí àlééfà lọ́hùn-ún. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ kó mọ irú ilé tí ẹni tí òun yàn ti jáde. Mo kọ ọ́ pé ọmọ Ọ̀wọ̀ ni wá, pé Ekenwan Road nílùú Benin ni mo bí Oyèwọlé sí, pé òjò ń rọ̀, omi gba gbogbo ojú ọ̀nà, tí ẹ̀yin fi pọn agbẹ̀bí sẹ́yìn la omi kọjá, tí obìnrin náà ń pariwo pé kí ẹ má ju òun sómi. Ojú ewé kan gbáko. Mi ò tíì kọ ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo buwọ́ lù ú.

Tíṣà ya fọ́tò rẹ̀, ó fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá nílùú yìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kọjá ẹnubodè. Ọmọ-ọmọ mi tí a jọ ń gbé, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, sáré wọlé: "Grandma, you don blow o! Everybody dey share am!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu ni mo rò pé òwe náà ń bá wí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó kan ọwọ́.

Nǹkan dákẹ́ fún bí oṣù mẹ́ta. Ìgbà tí ilé aṣòfin náà wá kan ibi tí òfin tuntun yóò ti fàyè gba ọ̀gá ṣọ́jà láti du ipò ààrẹ fúnra rẹ̀, gbogbo àwọn yòókù nawọ́ pé àwọn fara mọ́ ọn. Oyèwọlé dìde, ó ní ẹni tó sọ pé òun kàn ń bá ìlú ṣọ́ àga ni, ṣé òun náà ló tún fẹ́ jókòó sí i? Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé lẹ́tà mi síwájú ilé. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, títí kan ti agbẹ̀bí. Wọ́n ní àlejò ni Oyèwọlé, ìwé irọ́ ló fi wọlé, amí Nàìjíríà ni.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló pè mí. "Màmi, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yẹn lóòótọ́?"

Mo ní èmi ni.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọwọ́ ìkọ̀wé yín mà dára o."

Láti ìgbà náà, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n tì í mọ́ ilé kan lẹ́yìn ilé aṣòfin. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà, ń gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́, ṣọ́jà ń gbà á lẹ́nu géètì. Lánàá, wọ́n dá abọ́ náà padà fún un bó ṣe gbé e lọ. Wọn kò ṣí i.

Bàbá, ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀. Ẹ̀yin ni mẹ́sẹ́ńjà ní ilé ìgbìmọ̀ tó wà nílùú yìí nígbà tí àwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ gbàjọba. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rántí pé ọ̀sán gangan lẹ wọlé, ẹ ká yunifọ́ọ̀mù yín sábẹ́ àpótí. Láti ọjọ́ náà lẹ ti máa ń gbọn bàtà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Mo rò pé àkeekèé lẹ ń bẹ̀rù. Kí lẹ rí níbẹ̀? Ṣé ìwé ni wọ́n mú wá, tí wọ́n ń ka orúkọ ènìyàn jáde nínú rẹ̀? Ṣé ìdí tí ẹ kò fi jẹ́ kí n kọ́ ọ nìyẹn? Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Bóyá ǹ bá má gbà yín gbọ́.

Ní òwúrọ̀ yìí ni ìyàwó Oyèwọlé pè. Yorùbá tó kọ́ lọ́jà ló sọ, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Màmá, ẹ kọ òmíràn. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i. Pé obìnrin ibí ló bí i fún ọkọ yín, obìnrin náà ti kú, ẹ kàn bá a tọ́ ọmọ ni. Pé ìgbéraga ló mú yín pè é ní ọmọ yín."

Mo ní ṣé tíṣà ò lè bá mi kọ ọ́ ni.

"Ọwọ́ yín ni wọ́n mọ̀, Màmá. Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò jókòó lórí ọ̀ràn rẹ̀."

Ẹ rántí Kérésì tí mo mú Oyèwọlé wá kí yín, tó fọ́ àwo, tí mo fìbínú sọ pé kì í ṣe ọmọ mi. Ẹ dìde lórí oúnjẹ. Ẹ bu omi tútù fún mi, ẹ ní kí n fi fọ ẹnu, kí n tu ọ̀rọ̀ náà síta, kí n pe orúkọ rẹ̀ kó dáhùn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ìyá kì í já sí òfo lára ọmọ. Omi wo ni mo fẹ́ fi fọ ti inú ìwé? Ta ni mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ tí yóò dáhùn?

Ọmọ ẹni kì í burú títí, ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Mo ti ń wí òwe yìí láti àárọ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ ọmọ mi, ẹkùn a pa á jẹ. Bí mo bá sì sẹ́ ẹ, mi ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ mi yóò ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú rẹ̀ lónìí. Ọwọ́ mi ń dúró lórí "èmi kọ́". Ṣùgbọ́n lọ́la, n ó kọ ọ́ parí. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín ṣáájú ni pé mo fẹ́ kí òótọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ṣọ́jà ò lè bi léèrè.

Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, n ó wá bá yín nídìí ibojì yín ní Ekiadolor, n ó fẹnu ara mi sọ fún yín. Bí wọn kò bá sì dá a sílẹ̀, tó jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló gbà, ẹ má jókòó dè é nílé. Ẹ lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Wọn yóò ti ka ìwé kejì sí i létí. Ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ni mo kọ.

Èmi ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín,
Ìyá Oyèwọlé.