Èékánná Ehoro Ku Méjì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ ọmọ mi, ọ̀rẹ́ mi kékeré. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ilé tuntun tí ẹ ń kó lọ ti ń gún régé? Ẹ ò ní fi ẹkún wọ ibẹ̀, ẹ ò ní rí ìjà àdúgbò, omi ẹ̀rọ ibẹ̀ kò ní dá. Àwa náà wà bí a ṣe wà. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, a ti dí ibi tó ń jò lórí ilé ìdáná, Bísíkíìtì, ehoro ọmọ rẹ, sì ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fi pamọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn, n kò sì gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí láìkà á. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé Bísíkíìtì wá, ọmọ ń sunkún, ọkọ rẹ ń fun fèrè mọ́tò, ìwọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ń sọ pé bí a bá lè tọ́jú ehoro fún oṣù kan láìsí wàhálà, ẹ ó jẹ́ kí ọmọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa nígbà ìsinmi. Inú mi dùn débi pé mo kàn fọwọ́ sí ìwé ni: ehoro kan, onírun eérú, ó pé. N kò ka nǹkan kan. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ ní àkókò ti tó láti gé èékánná rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan, kí a má kan iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Mo wo fídíò tí o fi ránṣẹ́. Obìnrin inú rẹ̀ kí wa dáadáa, a sì dá a lóhùn. Ó ní kí a kọ́kọ́ tẹ àwòrán aago kan, mo tẹ̀ ẹ́, aago kankan ò dún, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá tún wò ó ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́, kó má baà rò pé a kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá rẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra ṣe é, pé ojú wa ò ríran tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò dáhùn. Ó jọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Èékánná ehoro tí obìnrin náà gbé lọ́wọ́ funfun, iṣan pupa hàn nínú rẹ̀ kedere. Ti Bísíkíìtì dúdú kirikiri. Ìyá rẹ wá ní kí n fi eyín gé e, bí mo ṣe máa ń gé tìrẹ nígbà tí o wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta, tí ẹ̀rù abẹ ń bà á. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Bísíkíìtì wò mí lójú, mo sì jáwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a fi táwẹ̀lì wé e, ìyá rẹ gbé e mọ́ àyà, mo tan iná fóònù sí ẹ̀yìn èékánná kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí ibi tí iṣan parí sí, mo sì gé orí rẹ̀ bín-ín-tín. Ìkẹta ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, mo fi ìyẹ̀fun tẹ̀ ẹ́ bí ìwé ṣe wí, mo ń bẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Èyí tí mo gé, mo kó o sínú àwo kékeré kan. Nígbà tí mo ṣe tán, mo kà á: méjìdínlógún. Mo ka ti ara rẹ̀ náà: márùn-ún-márùn-ún níwájú, mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn.

Ọmọ mi, méjì ti sọnù.

A gbé bẹ́ẹ̀dì, a gbọn ẹní, mo gbálẹ̀ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó mú wọn kò ṣojúsàájú: ó mú ọ̀kan lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó mú ọ̀kan lẹ́sẹ̀ òsì, kò sì sí ojú ọgbẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bí gbogbo ehoro ṣe rí nìyẹn, pé òun ò rí èyí tó ní ogún rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ńṣe ló ń tù mí nínú. Bí ẹrù bá dín nígbà tí mo wà nídìí sítọ́ọ̀, ohun táwọn awakọ̀ máa ń sọ fún mi náà nìyẹn, pé bó ṣe kúrò nílé-iṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá rẹ ní kí n má sọ fún ọ, pé ta ni yóò ka èékánná ehoro. Mo ní èmi. Ó ti fọ aṣọ fèrèsé yàrá rẹ àtijọ́, èmi náà ti kan ẹsẹ̀ ibùsùn tó ń mì. Ilé yìí ti dákẹ́ jù. Má torí èékánná méjì fi ọmọ náà dù wá.

Bí apá rẹ bá ká a, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, nítorí ohun ìgé-èékánná mi ti kújú. Fóònù ìyá rẹ ni kí o fi ránṣẹ́ sí o, fóònù tèmi kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti kún, owó ò ní ráyè wọlé. Bí o bá sì rí irú èékánná táwọn obìnrin ìlú ńlá máa ń lẹ̀ mọ́wọ́, bá mi ra méjì, dúdú, èyí tó kéré jù. Kì í ṣe láti fi tan ọmọ jẹ, kí ó kàn lè pé ni.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àtiwọlé àtijáde yín. Ọmọ tí o bí yóò tọ́jú rẹ ju bí o ṣe ń tọ́jú wa lọ. Nígbà tí ẹ bá sì ń mú ọmọ náà bọ̀, ẹ má bínú bí ẹ bá bá mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò. N ó ka èékánná tirẹ̀ níṣojú yín, ogún, kí n tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá padà dé tí ọ̀kan bá dín, ẹ mú un nínú tèmi.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í gba ẹrù láìkà á.