Àwòrán tí Ẹ Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Iowa, oṣù kọkànlá, ọdún 1871

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Koko ni ara mi le. Iṣẹ́ àwòrán yíyà wa ń lọ dáadáa, oòrùn sì ń wọlé láti òrùlé onígíláàsì wa. Ẹ ní kí èmi àti Asahel jọ ya àwòrán fún yín. Asahel lọ ra gíláàsì àwòrán ní Chicago láti oṣù kẹta, kò tíì dé. Ẹ ṣáà mọ ọkọ mi, kì í kánjú. Èmi nìkan lẹ óò rí.

Opó kan, Ìyá Beebe, ló yà á. Ó wá ya tirẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ mà tutù o! Ta ló ń ya ìwọ alára?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ta ni ì bá yà mí, ìyá?"

"Ó yá, jókòó. Kí ni kí n ṣe?"

Mo ní kó ṣí ìdérí ojú ẹ̀rọ, kó ka ení dé ẹ̀jọ, kó sì dé e padà. Nígbà tó ka ẹ̀rin, ó rọra ní, "Má mira, ọmọ mi. Mo wà níbí."

Mo mira. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi rí bàìbàì nínú àwòrán náà, kì í ṣe àìsàn.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Lavinia àtàwọn ọmọ. Bí wọ́n bá fẹ́ wá kí wa, yàrá pọ̀. Kí wọ́n má wulẹ̀ kọ̀wé ṣáájú, kí wọ́n ṣáà máa bọ̀.

Ọmọ yín,
Philena