Fáìlì Rẹ Tí Wọ́n Ṣí Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Ẹyẹlé mi, aya mi, ọ̀gá kọ̀ǹpútà tuntun ti dé sí ilé ìwòsàn wa. Mo ti sọ ọ́ ní Mo-Gbọ́n-Tán. Bàtà rẹ̀ ń dún ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ó kó gbogbo wa jọ, ó ní òun ti dá fódà ńlá kan, òun sì ti fún un láṣẹ: fáìlì aláìsàn yòówù tí a bá dá sínú rẹ̀ láti òní lọ, gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa lè kà á. Fáìlì á jogún àṣẹ fódà bí ọmọ ṣe ń jogún imú bàbá rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa.

Mo bi í nípa àwọn fáìlì àtijọ́. Ó ní, "Bàbá Fáìlì, ẹ fọkàn balẹ̀. Àṣẹ yìí ò kan èyí tó ti wà nílẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀. Tìrẹ ti wà nílẹ̀ kí o tó fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run lóṣù kẹta. Dókítà rẹ àti èmi tí mò ń tọ́jú fáìlì, àwa nìkan ló ń ṣí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo tún po tíì sí ife méjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òmùgọ̀ ni. Òmùgọ̀ tó mọ táì so. Ó ṣe àdàkọ gbogbo fáìlì àtijọ́ sínú fódà tuntun — kí nǹkan lè wà lójú kan, ó ní — kò sì rò ó pé ọmọ tuntun ni àdàkọ nínú ilé yẹn. Àṣẹ ilé ló máa gbà.

Nígbà tí Rédíò, olùgbàlejò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, lọ jẹun, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ibi ìgbàlejò. Mo tẹ orúkọ rẹ. Ó ṣí. Gbogbo rẹ̀. Títí dé ibi tí dókítà kọ ọ́ sí pé aláìsàn kọ̀, kò ṣe iṣẹ́ abẹ. N kò sì lè pa á rẹ́. Kíkà nìkan ni àṣẹ tèmi.

Ohun tí o bẹ̀ mí ò kúrò létí mi. Kí ìyá rẹ má gbọ́ láé pé iṣẹ́ abẹ wà tí o kò fẹ́. Kí wọ́n gbà pé dókítà ṣe gbogbo ohun tó wà ní ṣíṣe. Mo ṣèlérí.

Rédíò yìí, ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ. Bí o bá lá àlá lóru, kí o tó bọ́jú láàárọ̀, Rédíò á ti tú u fún àdúgbò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo lọ bá Mo-Gbọ́n-Tán. Mo ní, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti fáìlì àwọn tó ti kú. Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá Fáìlì, ṣé ẹ̀ ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí ni?" Kò mọ̀ pé o wà lára wọn. N kò sọ fún un.

Ó yí àṣẹ fódà padà lójú mi: dókítà àti olùtọ́jú fáìlì nìkan. Ó tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó pa ẹkùn. "Ó parí. Mo ti tì í pa."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Kò ti nǹkan kan! Àṣẹ tuntun, fáìlì tuntun ló bá wí. Àwọn tó ti wà nínú fódà ṣì wà ní gbayawu. Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni o — ó ti gbàgbé. Mo padà lọ bá a. Ó ní bóyá ojú ló ń dùn mí.

Rédíò sì kí mi lọ́nà àbájáde: "Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n." Ìrọ́jú wo, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin? Ó ti kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo sọ fún dókítà rẹ. Dókítà pariwo débi pé gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Mo-Gbọ́n-Tán sá lọ pe ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni náà ní kí ó fi àṣẹ náà sórí fódà, kí ó sì fi sórí gbogbo ohun tó ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ṣe é. Òógùn bo táì rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Fáìlì rẹ ti wà ní títì wàyí. Ṣùgbọ́n ojú tó ti rí ò ṣe é tì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Mo ti to irọ́ sẹ́nu lójú ọ̀nà. Wọ́n ní Rédíò wá bá àwọn lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sunkún, ó ní wọ́n ṣí fáìlì ọmọ wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, òun ti rí ohun tí kò yẹ kí òun rí, òun ò sì ní sọ ohun tó jẹ́. Kí wọ́n ṣáà sọ fún mi kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Rédíò! Kò sọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka irọ́ mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, sinmi. Iṣẹ́ abẹ tí kò fẹ́ yẹn, àbí? Ó ti sọ fún mi kó tó sọ fún ọ. Òun ló ní kí n ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Ó ní o ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti aláìsàn lásán, kí òun fún ọ ní nǹkan kan tí wàá máa ṣọ́."

Ẹyẹlé. Ẹ̀yin méjèèjì ń wò mí tí mò ń ṣọ́ ilé tí kò sẹ́rù nínú rẹ̀.

N kò sunkún níwájú wọn. Mo fọ abọ́ wọn, mo wá sílé. Inú ń bí mi sí ọ. Láti oṣù kẹta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó dà bí ẹni pé o dá mi lóhùn.