Ẹ̀rín Tí Mo Rín Dé Òpin

Bàbá mi tí ọkàn mi ń fà sí,

Inú ń bí mi sí Màmá díẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti bo ìbínú yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Ṣé ẹ rántí ìtàn ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé ewúrẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Bouaké níbí? Tí ẹ bá ti dé ibi tí ewúrẹ́ ti jẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín mi á di ikọ́, àyà mi á máa dún fée, fée. Ẹ á gbé etí lé ẹ̀yìn mi. Nígbà tó yá, ẹ kì í parí ìtàn náà mọ́, ẹ ò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyẹn dùn mí ju ikọ́ fée lọ?

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Màmá ló ń mú mi lọ sí lópítà. Tí dókítà bá ti béèrè bí ara mi ṣe rí, wọ́n á ní ara le, a dúpẹ́. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọn kì í ka àìsàn ọmọ lójú àlejò. Oògùn kan náà la ó sì gbà bọ̀ sílé ní Sokoura, bẹ́ẹ̀ mò ń jí lóru, mò ń jókòó wá èémí.

Lẹ́yìn Iléyá, a bá dókítà tuntun, obìnrin. Ó ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù kan tó ń wọn èémí, tó ní ọfà pupa. Ọfà ò gòkè. Ó kọjú sí Màmá, ó fi èdè Júlà béèrè:

"Tántì, báwo lara ọmọ?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Háà, Tántì! Èmi ò kí yín o, àìsàn ni mò ń béèrè!"

Ẹ̀rín pa mí, mo wúkọ́. Ni mo bá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, títí kan pọ́ńpù oògùn àfàsímú ojoojúmọ́ tí Màmá gbé pa mọ́, kó má baà di bárakú fún mi. Màmá ń yára rìn níwájú mi títí a fi délé. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé pọ́ńpù náà jáde. Mò ń fà á láràárọ̀ àti lálẹ́, kódà tí ara bá yá.

Lónìí a padà lọ. Ọfà fò sókè! Dókítà ò tíì béèrè tí Màmá ti ń ròyìn: ó ń sùn, kò jí lóru mọ́, kì í sì í fọ abọ́. Abọ́ ńkọ́, Bàbá? Kí ló kan dókítà?

Nígbà tí a délé, wọ́n parí ìtàn ewúrẹ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní. Màmá gbé etí lé ẹ̀yìn mi bíi tiyín. Kò dún fée rárá. Àwọn ló ń sunkún, èmi ń rẹ́rìn-ín lọ.

Wọ́n ní ẹ̀yin gan-an lọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, pé ẹ̀yin lẹ ni ewúrẹ́ náà. Ṣé òótọ́ ni?

Èmi ni, ọmọ yín tí èémí ẹ̀ ti já gaara.