Àwọn Àrọ̀ Tó Kọ̀ Tí Wọn Ò Kú

                                        Yàrá Òkè, Ilé Télọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹsẹ̀ Gígùn,

Ara ńkọ́? Iṣẹ́ wẹ́dà ńkọ́, ṣé iná ò tíì ta sí ọ lójú? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin ńkọ́, èyí tó máa ń ju bàtà lù mí, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣì yá bẹ́ẹ̀? Bí o bá béèrè tèmi, mo wà láàyè, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí débi pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti sín ẹnikẹ́ni jẹ kẹ́yìn. Ìyá onílé gan-an bi mí lánàá bóyá ara mi ò yá, torí pé ohùn ara mi ni mo fi kí wọn.

Ẹja ló fà á. O rántí àpótí onígíláàsì tí bàbá mi gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní pálọ̀ wa, tí wọ́n ń sin àwọn àrọ̀ kéékèèké sí, àwọn onírungbọ̀n tí kì í ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tí bàbá mi kó aṣọ sínú báàgì tí wọ́n lọ ń gbé lọ́dọ̀ dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ wọn, wọn ò gbé àpótí yẹn lọ. Màmá mi ò ní ká dà á nù. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọjọ́ tí ẹja tó kẹ́yìn bá kú, ọjọ́ yẹn ni àpótí ń jáde, kí àwọn lè gbé maṣín-ìnnì kejì síbẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ wà. O mọ màmá mi, ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan bàbá mi mìíràn tó kù nílé wa. Bí àpótí yẹn bá jáde, kí ni bàbá fẹ́ sọ pé àwọn wá wò tí wọ́n bá fẹ́ padà? Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, ìwọ nìkan ni mò ń sọ ọ́ fún.

Èmi ni mo wá di ìyá ọmọ fún ẹja. Omi ẹ̀rọ kì í gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà garawa ni mò ń gbé gun àtẹ̀gùn. Wọ́n sì ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú mi. Nígbà tí ọ̀kan tún kú, mo gé ìdí sílípáàsì dúdú, mo gbẹ́ ẹ bí ẹja, mo fi òwú màmá mi so ó mọ́ òkúta, mo rì í sómi. Kò pẹ́ tí màmá fi rí i. Wọ́n ní, “Láti ìgbà wo ni mo ti ń rán nǹkan fún ẹja?” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá sọ pé ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo ìta.

Bàbá mi ti kọ́ mi pé kí omi tuntun máa dúró nínú ilé kí òtútù ara ẹ̀ lọ kí n tó dà á sí i. Ọjọ́ kan báyìí tí òjò rọ̀, orúnkún mi ti kọ iṣẹ́. Mo kàn bu omi òjò láti inú dúrọ́ọ̀mù, tútù nini, mo dà á lé wọn lórí. Ni àwọn ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn kiri bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Mo ní ó parí, mo ti pa wọ́n.

Igbe màmá mi ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. “Ta ló lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mi mọ́ gíláàsì?” O mọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun wínníwínní tí wọ́n máa ń rán mọ́ aṣọ ìyàwó. Mo sáré dé ibẹ̀, lóòótọ́, nǹkan róbótó-róbótó kún ara gíláàsì. Mo búra pé kì í ṣe èmi. Wọ́n ní, “Máa búra, oníṣẹ́ sílípáàsì.” Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi láti fi èékánná yọ ìlẹ̀kẹ̀ wọn, ló bá fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àrọ̀ kan wá gòkè níwájú imú wọn, ó fi ikùn kan gíláàsì, ó lẹ òmíràn mọ́ ọn, ó bá tiẹ̀ lọ. Màmá mi rọra yọ ọwọ́, bí ẹni tó ṣèèṣì já wọ yàrá ẹni tó ń rọbí.

“Ẹyin ni,” ni wọ́n wí. “Ẹyin ni o!”

A ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin ara wọn. Màmá mi ń lu gíláàsì: “Ẹ̀yin aláìnítìjú, ọmọ yín nìyẹn!” Wọ́n kọjú sí mi. “Pe ẹni tó ni wọ́n.”

Mo pe bàbá mi. Mo ní, “Bàbá, àwọn àrọ̀ ti yé ẹyin.” Wọ́n ní, “Odídẹ, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wá ẹlòmíì bá ṣeré.” Màmá mi já fóònù gbà. “Ẹyin ni. Mo fojú ara mi rí i.” Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, “O ti wá mọ ohùn ìyá ẹ ṣe jù.” Màmá ní, “Èmi ni.” Ẹ̀rín tán lẹ́nu bàbá. “Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má fi ohùn yẹn bá mi ṣeré mọ́. Ó ń dùn mí.”

Ẹsẹ̀ Gígùn, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kọjú sí. Màmá mi wá pòṣé. O mọ òṣé wọn, èyí tó máa ń gùn bí ìgbà tí wọ́n bá ya aṣọ tuntun. Mo ti gbìyànjú títí láti sín in jẹ, mi ò rí i ṣe. Ni bàbá bá ní, “Ìwọ ni lóòótọ́.” Màmá ní, “Ẹ wá wo ẹja yín,” wọ́n sì pa fóònù.

Bàbá dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ilé ara wọn. Màmá ò dìde nídìí maṣín-ìnnì. Wọ́n ní, “Ó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ gbé e máa lọ.” Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní omi òjò tútù tí mo dà lé wọn ló mú wọn yé, wọ́n wá kó àwọn ẹja àgbà sínú abọ́ ńlá kan. Wọ́n ní àpótí ò ṣeé gbé báyìí, pé bí omi bá mì, àwọn ọmọ á kú, àfi tí wọ́n bá tó èékánná. Màmá ní, “Ta ni yóò máa gbé omi títí dìgbà náà? Ọmọ mi ò ní ọrùn mọ́.” Bàbá ní, “Èmi ni.”

Àwọn ẹyin pa, ọmọ jáde bí irun ìpéǹpéjú. Pupa ẹyin adìyẹ síse ni mò ń fi aṣọ sẹ́ fún wọn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ojú mi ti wọnú. Bàbá ń wá gbé omi ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti jáwọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ omi nìkan ni wọ́n ń bá màmá sọ. “Ṣé ó ti tó?” “Ó ku díẹ̀. Ẹ má ta á sáṣọ oníbàárà mi lára o.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lánàá, mo fi èékánná mi wọn àwọn ọmọ náà láti ara gíláàsì. Wọ́n tó o. Àwọn kan tiẹ̀ jù ú lọ. Bí wọ́n bá ti tó, àpótí ń jáde nìyẹn, bàbá ò sì ní wá gbé omi mọ́. Bàbá wò wọ́n, wọ́n ní, “Lójú mi, wọn ò tíì tó.” Mo wo màmá. Màmá mi tó ń fi ojú lásán wọn èjìká ènìyàn tí aṣọ á sì bá a mu! Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, wọ́n wo inú omi dáadáa.

“Lóòótọ́,” ni wọ́n wí, “wọn ò tíì tó.”

Bá mi kí màmá yín àti ọ̀gá ẹ. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ pẹ̀lú, àmọ́ láti òkèèrè. Jẹ́ kí n lọ se ẹyin.

Èmi ni tìrẹ, tí oorun ń kùn,
Odídẹ.